Ajá Òyìnbó ní Kámpù Ọ̀nà Ìkògòsí

Nígbà tí àwọn òyìnbó tó ń ṣe ọ̀nà kó ẹrù wọn kúrò ní kámpù tó wà láàárín Ẹ̀rìjìyàn àti Ìkògòsí, lópin ọdún 1982, ohun ẹlẹ́mìí méjì péré ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan ni Bùràímọ̀, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ kámpù. Èkejì ni ajá ńlá dúdú kan tí irun rẹ̀ kì bí irun àgbò.

Òyìnbó Ítálì kan tó ń jẹ́ Bùrúnò ló ni ajá náà. Tóbì ló ń pè é. Nígbà tí àwọn lébìrà kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yìí, ńṣe ni wọ́n rò pé òyìnbó ti ń gbọ́ Yorùbá, pé bí ajá náà ṣe tóbi tó ló ń sọ. Láti orí òkè kan tí yìnyín máa ń bò fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún ni wọ́n ti gbé e wá. Ní kámpù, inú yàrá ọ̀gá rẹ̀ ló máa ń wà lọ́sàn-án, tí ẹ̀rọ amúlétutù á máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lára. Ó di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ kó tó jáde, kó sì bá Bùràímọ̀ rìn yípo ọgbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Bùrúnò ń lọ, ó pe Bùràímọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì lẹ́nu, nítorí náà ọwọ́ ni òyìnbó fi sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó bu omi sí ikùn ajá, ó bu ú sí abẹ́ itan rẹ̀ àti sáàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ya irun rẹ̀, ó sì fa èyí tó rọ̀ múlọ́múlọ́ nísàlẹ̀ jáde. Nígbà tí Bùràímọ̀ fi ìka méjì ṣe bí àlùmọ́gàjí láti béèrè bóyá kí òun gé gbogbo rẹ̀ dànù, òyìnbó mi orí gidigidi. Lẹ́yìn náà ó lọ sójú títì, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ọ̀dà, ó yára gbé e kúrò bí ẹni tí iná jó, ó sì tọ́ka sí ẹsẹ̀ ajá. Ó yé Bùràímọ̀. Ibi tí ọwọ́ ènìyàn kò bá ti lè gba ooru ilẹ̀, Tóbì kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀.

"Mo padà, Àjíǹde," ni Bùrúnò wí. Lẹ́nu alásè rẹ̀ ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ojú pamọ́ sínú irun ọrùn ajá fún ìgbà díẹ̀, ó wọ mọ́tò, ó sì lọ. Tóbì sáré tẹ̀ lé mọ́tò náà dé ẹnu géètì. Ó dúró síbẹ̀ títí eruku fi rọlẹ̀, ó tún dúró pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Bùràímọ̀ nígbà náà. Ìrágbìjí ni ìlú rẹ̀, ọkọ̀ wíwà ló gbé e dé Èkìtì. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa lọ́rì láàárín Iléṣà àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ìbíjọkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ti kú láti ọdún mẹ́ta. Adéfúnkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà nílé ọkọ ní Iléṣà. Lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀ ló gba iṣẹ́ ọlọ́dẹ, nítorí pé ariwo kámpù tẹ́ ẹ lọ́rùn. Láti àárọ̀ ni katapílà ti máa ń ké, tí àwọn ènìyàn á máa pe ara wọn láti òkè délẹ̀, débi pé ènìyàn kì í ráyè gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń sọ. Ní báyìí, kò sí ẹnì kan mọ́. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń jan ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́, Bùràímọ̀ á dìde, á lọ tì í, á padà wá jókòó. Tóbì á bá a dìde, á bá a padà.

Ọyẹ́ kò ni ajá náà lára. Nígbà tí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ni wàhálà dé. Bùrúnò fi dísù díẹ̀ sílẹ̀ pé kí Bùràímọ̀ máa tan jẹnẹrétọ̀ lọ́sàn-án kí yàrá lè tutù. Oṣù kejì kò tíì dé ìdajì tí dísù náà fi tán. Lọ́jọ́ kejì, Tóbì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ọ̀gá rẹ̀, ó ń wo ẹ̀rọ tó wà lára ògiri. Nígbà tí kò gbọ́ ìró kankan, ó wojú Bùràímọ̀.

Gbogbo ènìyàn ló rántí ọdún yẹn. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Iná ń sọ láti oko dé oko, ó jó kòkó àwọn ènìyàn Ẹ̀rìjìyàn, èéfín sì bo ojú òkè tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí òkè Ẹ̀fọ̀n mọ́ láti òkèèrè. Bí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá ti lù, páànù á bẹ̀rẹ̀ sí í pa tá-tá-tá lórí ilé. Tóbì á sùn gbalaja, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, itọ́ á máa kán láti ahọ́n rẹ̀ sílẹ̀.

Bùràímọ̀ wá ọgbọ́n dá. Ilé ìkẹ́rùsí kan wà lẹ́yìn kámpù tí igi ìrókò ṣíji bò. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ ọ́n, kankéré ni wọ́n fi dá orí rẹ̀, sìmẹ́ńtì ilẹ̀ rẹ̀ sì máa ń tutù di ọ̀sán gangan. Ibẹ̀ ló kó Tóbì lọ. Ó rẹ àpò ìdọ̀họ sínú omi, ó ta á sójú fèrèsé méjèèjì, débi pé atẹ́gùn tó bá gba ibẹ̀ wọlé á ti tutù kó tó dé inú. Ó ri ìkòkò amọ̀ mọ́lẹ̀ dé ìdajì ní kọ̀rọ̀ yàrá, níbi tí sìmẹ́ńtì ti hó kúrò, fún omi mímu. Ní ìdájí, lẹ́yìn tó bá kírun tán, ló ń mú ajá náà rìn. Kí oòrùn tó gòkè, wọ́n á ti wọlé. Odò ẹ̀gbẹ́ kámpù ti gbẹ, nítorí náà ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkògòsí pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì méjì, ó ń pọn omi láti ìhà tí omi tútù ti ń ṣàn, ó sì ń dà á sínú dúrọ́ọ̀mù tó wà lábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀.

Lójoojúmọ́ ló ń ya irun ajá náà. Òòyà tí Bùrúnò fi sílẹ̀ ti kán, nítorí náà òòyà onígi Ìbíjọkẹ́ ló fi ń yà á. Ó ti wà nínú àpótí láti ìgbà tí wọ́n ti sin obìnrin náà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ mú un jáde, ó dì í mọ́wọ́ pẹ́, ó ń ronú bóyá ohun tí òun fẹ́ ṣe dára. Lẹ́yìn náà ó sọ fún Tóbì pé ẹni tó ni ín kò lè bínú, pé obìnrin náà fẹ́ràn kí nǹkan máa wúlò. Irun tó bá fà jáde á dà bí òwú dúdú, atẹ́gùn á sì gbé e káàkiri ọgbà.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá ajá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó lè bá sọ ọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló máa ń dé àárín ènìyàn. Á gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Arámọkọ, á yà ní ṣọ́ọ̀bù Yínúsà, ọmọ Ìkirun kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ẹni tó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti ń wakọ̀. Níbẹ̀ ló fi ẹ̀wù ìrun rẹ̀ sí, kí irun ajá má baà kàn án. Á wẹ̀ níbẹ̀, á pààrọ̀ aṣọ, á wá lọ sí mọ́ṣáláṣí. Síbẹ̀, ó ṣàkíyèsí pé bí òun bá ti dúró nínú ìlà, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun á sún díẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un. Ó bi Yínúsà léèrè lọ́jọ́ kan, Yínúsà sì wo ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi," ló wí. "Wọ́n ní ẹ ń wẹ̀ fún ajá bí ẹni ń wẹ̀ fún ọmọ. Wọ́n ní a kò mọ̀ bóyá ẹ tún ń gbé e sùn."

Bùràímọ̀ ní òun kò gbé e sùn. Kò fi kún un pé lẹ́nu ọ̀nà yàrá òun ni ajá náà ń sùn, àti pé bí òun bá jí, mímí rẹ̀ ni òun kọ́kọ́ máa ń tẹ́tí gbọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni nǹkan ṣẹlẹ̀, nínú oṣù kẹta. Ó rẹ àpò sójú fèrèsé, ó pọn omi kún ìkòkò, ó sé ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí, ó sì lọ sí Arámọkọ. Kò mọ̀ pé ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà ní Àkúrẹ́ ti rán akọ̀wé kan, Olúkáyọ̀dé, àti dírẹ́bà kan wá láti ṣírò ohun tó kù ní kámpù.

Nígbà tó padà dé, agogo mẹ́ta kò ní pẹ́ lù. Ó rí ojú táyà pikọ́ọ̀pù nílẹ̀. Ó rí ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí ní ṣíṣí, ó sì pe Tóbì. Kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló rí i, níbi tí wọ́n so ó mọ́ ẹsẹ̀ katapílà tó ti bàjẹ́ láàárín ọgbà. Bóyá òjìji wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n so ó, ṣùgbọ́n oòrùn ti yí, òjìji náà sì ti lọ sí òdì kejì. Ajá náà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ahọ́n rẹ̀ wà nílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, èrìgì rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi wo Bùràímọ̀.

Ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ó tú okùn, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ajá náà láti gbé e, ṣùgbọ́n ó ju agbára rẹ̀ lọ, nítorí náà ó wọ́ ọ lórí àpò dé abẹ́ ìrókò. Gbogbo ara ẹranko náà gbóná bí ìkòkò tó wà lórí iná. Ó sáré lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù omi. Òfìfo ni. Wọ́n ti bu omi rẹ̀ sínú rédíétọ̀, wọ́n sì ti fi ìyókù fọ eruku ara pikọ́ọ̀pù. Ó sáré wọ ilé ìkẹ́rùsí lọ wo ìkòkò amọ̀. Ẹnìkan ti fẹsẹ̀ gbá a nígbà tí wọ́n ń kó irin jáde, ó ti fọ́, ilẹ̀ sì ti mu omi inú rẹ̀.

Ó jáde sójú ọ̀nà. Kò mọ ohun tó ń wá. Ìkògòsí jìnnà, kò sì lè lọ kó bọ̀ kí ẹ̀mí tó bọ́ lára ajá náà. Ibẹ̀ ló dúró sí nínú oòrùn, pẹ̀lú ẹ̀wù ìrun funfun tí kò rántí bọ́ ní ṣọ́ọ̀bù Yínúsà lọ́jọ́ yẹn, nígbà tó rí obìnrin kan tó ń bọ̀ láti apá Ìkògòsí pẹ̀lú bàsíà omi lórí.

Christiana lorúkọ obìnrin náà, ṣùgbọ́n Ìyá Ṣọlá ni gbogbo Ẹ̀rìjìyàn ń pè é. Opó ni, àgbà nínú ìjọ CAC. Ó máa ń kọjá níwájú kámpù, wọ́n á kí ara wọn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bùràímọ̀ kò mọ bí a ti í bẹ ènìyàn fún omi tó fi orí rù láti ọ̀nà jíjìn, ní ọdún tí omi di góòlù, kí a sì ní ajá la fẹ́ dà á lé lórí. Ó la ẹnu, ó ní, "Ìyá Ṣọlá, ajá mi ń kú lọ." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè é ní ajá tirẹ̀.

Obìnrin náà wò ó, ó wo abẹ́ ìrókò. Lẹ́yìn náà ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó rìn wọnú ọgbà, ó dúró lẹ́bàá ajá náà.

"Bàbá, ẹ bá mi sọ̀," ló wí.

Àwọn méjèèjì sọ bàsíà náà kalẹ̀. Bùràímọ̀ fi igbá bu omi, ó dà á sí ikùn ajá, ó dà á sí abẹ́ itan àti abíyá rẹ̀, ó fi ìka ya irun kí omi lè dé awọ, ó rẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ṣọlá fa páálí kan ya, ó kúnlẹ̀, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí ara tó tutù náà. Bùràímọ̀ fẹ́ da omi sí ajá náà lẹ́nu, obìnrin náà dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò tíì mọ ohun tó ń ṣe, pé á gbà á sódì. Aṣọ ìborí rẹ̀ ló tú, ó rẹ ẹ́ sínú omi, ó fi ń pa ahọ́n ajá náà. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ títí omi fi kù sí ìdí bàsíà.

Ẹsẹ̀ iwájú ajá náà kọ́kọ́ ta. Lẹ́yìn náà ni mímí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Nígbà tó ṣe, ó gbé orí sókè, ó lá omi tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ Bùràímọ̀, díẹ̀díẹ̀. Ìyá Ṣọlá gbé bàsíà òfìfo rẹ̀, ó ní oòrùn kò tíì wọ̀, òun ṣì lè padà lọ pọn òmíràn. Ó yí padà sí ọ̀nà Ìkògòsí, ó tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà látìbẹ̀rẹ̀.

Olúkáyọ̀dé àti dírẹ́bà rẹ̀ padà dé ní ìrọ̀lẹ́. Ìkògòsí ni wọ́n ti lọ jẹun. Akọ̀wé náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ní ajá ti bu òun jẹ rí ní kékeré, òun kò lè wọ yàrá tí irú rẹ̀ wà láti ka ẹrù, òun ló ní kí dírẹ́bà so ó síta. Ó ní inú òjìji ni wọ́n so ó sí, pé àwọn gbàgbé pé oòrùn á yí. Ó bẹ Bùràímọ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ilé iṣẹ́ náà kò ní padà wá mọ́. Lọ́rì á wá kó ìyókù ẹrù lọ sí Àkúrẹ́ kí oṣù tó parí, iṣẹ́ ọlọ́dẹ náà sì parí nìyẹn.

Bùràímọ̀ bi í nípa Bùrúnò. Olúkáyọ̀dé ní ó ti gba iṣẹ́ mìíràn ní Líbíyà, pé ìwé rẹ̀ kan dé ọ́fíìsì nínú oṣù kejì.

"Ó béèrè ajá rẹ̀?"

Akọ̀wé náà ronú sí i, ó mi orí. "Àwọn ìwé tó gbàgbé sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ ló béèrè."

Bùràímọ̀ padà lọ jókòó ti Tóbì.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi Tóbì sílẹ̀ ní Ẹ̀rìjìyàn lọ́wọ́ Ìyá Ṣọlá, ó sì lọ wo ọmọ rẹ̀ ní Iléṣà. Yàrá méjì ni Adéfúnkẹ́, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin ń gbé. Páànù ilé náà sún mọ́ orí, kò sí igi kankan nínú ọgbà. Adéfúnkẹ́ ṣe baba rẹ̀ dáadáa. Ó ní kó máa bọ̀, pé àwọn á rí àyè kan tẹ́ ẹní sí fún un. Nígbà tí Bùràímọ̀ mẹ́nu kan ajá, ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe eré, ó ní, "Bàbá mi, ẹ̀yin ni mo ní kí ẹ wá." Bùràímọ̀ ní òun gbọ́. Ó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó gbádùn ariwo àwọn ọmọ náà, ó sì wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n láàárọ̀. Nínú ọkọ̀, ó ń gbìyànjú láti sọ fún ara rẹ̀ pé òun á ṣì padà lọ. Kó tó dé Ìtawúrẹ́, ó ti dáwọ́ ìyẹn dúró.

Ìyá Ṣọlá ló sọ̀rọ̀ abà fún un. Oko kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ Ìkògòsí. Iná ti jó apá kan rẹ̀, ṣùgbọ́n apá tó wà létí odò kò jó. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbé ìlú, kò sì sí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ kí iná mìíràn má baà wọ̀ ọ́. Ó ní abà náà kò dára tó ilé, ṣùgbọ́n ewé kòkó bo gbogbo ibẹ̀, omi odò náà kì í sì í gbẹ.

Ibẹ̀ ni Bùràímọ̀ kó lọ, pẹ̀lú àpótí kan, kẹ̀kẹ́ kan àti ajá kan. Tóbì kò tún bọ̀ sípò tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn kan ń wọ́ díẹ̀, ooru tí kò tó nǹkan sì tó láti mú un mí hẹlẹhẹlẹ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ó máa ń rìn lọ fúnra rẹ̀ sínú odò, á dùbúlẹ̀ síbi tí omi ti mọ ní ikùn, á gbé àgbọ̀n lé òkúta. Bùràímọ̀ á jókòó sétí odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi. Wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà mìíràn odidi ọjọ́ mẹ́rin á kọjá tí kò ní rí ènìyàn, àfi Ìyá Ṣọlá tó máa ń wá wo oko lọ́jọ́ Sátidé, tó sì máa ń mú iṣu díẹ̀ wá. Kì í pẹ́. Á béèrè àlàáfíà, á fi ọwọ́ kan orí ajá, á lọ.

Àjíǹde dé, ó kọjá. Bùràímọ̀ gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì láti òkèèrè lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Tóbì gbé etí sókè. Bùràímọ̀ bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kò lọ sí Arámọkọ mọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó rí mọ́ṣáláṣí kékeré kan ní Ìkògòsí, tí àwọn tó ń kírun níbẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ó wẹ̀ nínú odò, ó wọ ẹ̀wù tó fọ̀ mọ́, ó dúró nínú ìlà, kò sì sẹ́ni tó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kírun tán, ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Ràsákì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó bi í níbi tó ń gbé. Bùràímọ̀ júwe abà náà fún un.

"Inú igbó yẹn?" ni Ràsákì wí. "Ẹ̀yin nìkan?"

"Rárá o," ni Bùràímọ̀ dáhùn. "A jẹ́ méjì."

Ràsákì ní ìyẹn dára, pé kó mú ẹnì kejì rẹ̀ wá kí àwọn mọ̀ ọ́n. Bùràímọ̀ dúró díẹ̀ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Ó wo ọ̀nà, níbi tí ooru ti ń jó lórí ọ̀dà. Ó ní ara ẹni náà kò fi bẹ́ẹ̀ yá, pé kì í lè jáde lọ́sàn-án. Ràsákì bá a ṣàdúà pé kí Ọlọ́run fún ẹni náà ní àlàáfíà. Bùràímọ̀ ṣe àmín, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé.